Ìtàn Ṣọ́ọ̀kì Iwájú Alùpùpù

Lára àwọn alùpùpù àkọ́kọ́, fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó di táyà iwájú mú, tí a wá ń pè ní ṣọ́ọ̀kì iwájú, kò ní ohunkóhun tí ń bá a gba ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà, nítorí pé ara kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ti mú àwòṣe wọn, ọwọ́ àti èjìká ẹni tí ó ń gùn ún ni ó sì ń jẹ ìyà gbogbo kòtò. Ní 1908, Alfred Angas Scott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé alùpùpù kan jáde tí páìpù fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọ inú ara wọn lórí sípíríǹgì. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tí a bá tẹ̀ yóò ta padà, yóò sì máa fò títí tí táyà kò fi ní lè di ilẹ̀ mú níbi tí ọ̀nà bá ti yà. Ọ́ìlì ni ó yanjú èyí. Nínú R12 àti R17 tí BMW ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní 1935, bí páìpù ti ń wọlé tí ó ń jáde, ọ́ìlì ń fipá gba ojú ihò tóóró kọjá, ìnira yìí ni ó sì ń dá fífò sípíríǹgì lẹ́kun.

Super Cub tí Honda ṣe ní 1958, bàbá àwọn Honda kéékèèké tí Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, kò lo irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀: apá irin kúkúrú ni ó gbé táyà rẹ̀, kò sì lè rìn sókè-sódò púpọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀kadà, ìyẹn fífi alùpùpù gbé èrò, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, gbilẹ̀, àwọn alùpùpù onífọ́ọ̀kì ọ́ìlì bíi Honda CG125, àti Bajaj Boxer lẹ́yìn náà, ni ó bá ẹrù rẹ̀ mu jù.

Fún ẹni tí ó ń gbé èrò méjì tàbí àpò kòkó láti abúlé wọ Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń gun òkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé àdúgbò Òkè-Ogbo, ṣọ́ọ̀kì tí ó ń rì bí a bá tẹ búrékì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí mẹkáníìkì bá ki páìpù gígé lé orí sípíríǹgì, iwájú yóò ga sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípíríǹgì náà kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ́ìlì tí ó ki díẹ̀ sí i, tí ó dọ́gba nínú ẹsẹ̀ méjèèjì, wúlò jù ú lọ, àfi bí ó bá ki jù, tí fọ́ọ̀kì kò fi ní lè tètè padà kí kòtò kejì tó dé. Eruku pupa ni ọ̀tá gbogbo àtúnṣe yìí: ó ń ha páìpù, ó sì ń ya ọ́ìlì síìlì, ìyẹn rọ́bà tí ó ń dá ọ́ìlì dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń fi rọ́bà oníṣẹ́po bo fọ́ọ̀kì àwọn alùpùpù kan tí a ṣe fún ọ̀nà gbágungbàgun, èyí tí ó yẹ kí a máa tú fọ̀ bí ẹrẹ̀ bá ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.