Kí yógà tó di nínà ara, iṣẹ́ ọkàn ni

1/ Ẹ gbọ́, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó láti kàwé ìdánwò. Ojú ìwé kan ṣoṣo. Kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀, mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀meje. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó dúró. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn. Orí mi pé o, ọkàn mi ni kò sí nílé.

2/ Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ṣe yógà. Mo rẹ́rìn-ín. Yógà kẹ̀? Ṣebí ti àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn lórí Instagram nìyẹn? Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe nǹkan tí mi ò bá mọ ìtàn ẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

3/ Ìwé kan wà ní Íńdíà tó ti lé ní 1,500 ọdún. Yoga Sutra lorúkọ rẹ̀, Patanjali ni wọ́n ní ó kọ ọ́. Gbólóhùn kúkúrú 195 ló wà nínú rẹ̀ (àwọn ẹ̀dà kan ní 196). Ó yá, ẹ sọ ọ́: mélòó nínú wọn ló dá lórí bí èèyàn ṣe máa gbé ara rẹ̀ sí? Mẹ́ta péré!

4/ Kí wá ni ìyókù ń sọ? Ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé iṣẹ́ yógà ni kí ìkiri ọkàn dáwọ́ dúró. Ní ti ara, ohun tó béèrè ò ju pé kí ìjókòó èèyàn dúró ṣinṣin, kó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ẹni ń wá àga tó dáa kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

5/ Ìpele mẹ́jọ ló là sílẹ̀: ìwà sí ọmọnìkejì, ìwà sí ara ẹni, ìjókòó, mímí, kíkó ojú àti etí kúrò nínú ariwo, síso ọkàn mọ́ ojú kan, dídúró síbẹ̀, títí èèyàn á fi wọ inú rẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ìkarùn-ún àti ìkẹfà dáadáa. O máa kọ́kọ́ pa nótífikéṣọ̀n, kí o tó so ọkàn mọ́lẹ̀. (Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe Patanjali 😅)

6/ Ó tiẹ̀ ka nǹkan mẹ́sàn-án tó ń fa ọkàn kiri. Àìsàn wà níbẹ̀, iyèméjì, àìbìkítà, ọ̀lẹ. Mo ní hà, ṣé bàbá yìí mọ̀ mí ni? Oògùn tó júwe: ṣe é fún ìgbà pípẹ́, má dá a dúró, fi tọkàntọkàn ṣe é. Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣáá: díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

7/ Báwo ló ṣe wá di nínà ara? Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, Svatmarama kọ Hatha Yoga Pradipika, ó júwe ìdúró àti ìjókòó 15 níbẹ̀. Ní 1893, Swami Vivekananda lọ sí Chicago fún ìpàdé àwọn ẹ̀sìn àgbáyé. Ìwé rẹ̀, Raja Yoga, jáde ní 1896. Ọkàn ṣì ni ìwé yẹn gbájú mọ́.

8/ Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni Mysore, ní gúúsù Íńdíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì máa ń fojú aláìlágbára wo àwọn ọmọ Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wá gbájú mọ́ eré ìdárayá. Ọba Mysore, Krishnaraja Wadiyar IV, gba olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Krishnamacharya sí ààfin. Ní 1933, ilé ẹ̀kọ́ yógà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

9/ Krishnamacharya àtàwọn ọmọ tó ń kọ́ máa ń ṣàfihàn níwájú èrò. Ẹ rò ó wò ná: ta ló lè rí ọkàn tó ti fara balẹ̀? Ara tó ń ká kò ni èrò máa pàtẹ́wọ́ fún. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Instagram ti bẹ̀rẹ̀.

10/ Ọmọkùnrin kan wà lára wọn, B.K.S. Iyengar. Wọ́n bí i ní 1918. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibà, táífọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló fojú ẹ̀ rí màbo. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Krishnamacharya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ ní 1934. Ní 1937, wọ́n rán an lọ sí Pune láti lọ kọ́ni. Níbẹ̀, ara yẹn gan-an ló sọ di òpó tó ń so ọkàn mọ́: kí o mọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà.

11/ Ní 1952, ó pàdé Yehudi Menuhin, ọ̀gá nínú títa fayolínì, tí ara rẹ̀ ti ń ro ó. Iyengar kọ́ ọ. Nígbà tó yá, Menuhin fún un ní aago ọwọ́, ó sì ní kí wọ́n fín in sí i lára pé òun ni olùkọ́ fayolínì tó dáa jù tí òun ní. Ẹni tí kì í ta fayolínì! Bí a ṣe ń wà níbi tí a wà ló kọ́ ọ.

12/ Ìwé Iyengar, Light on Yoga, jáde ní 1966: nǹkan bí ìdúró 200, fọ́tò bíi 600. Ẹ wo ìrìn náà: 3, 15, 200. Ní December 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya June 21 sọ́tọ̀ fún yógà. Fọ́tò là ń rí lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún.

13/ Àwọn olùkọ́ yógà ní ọ̀rọ̀ méjì tí mo fẹ́ràn. Sankalpa: ìpinnu kan ṣoṣo tí o máa sọ fún ara rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Drishti: ibi tí ojú rẹ máa dúró sí. Mo rò ó, mo rẹ́rìn-ín. Yorùbá ti kó méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan: àfojúsùn. Ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ló máa mú bọ̀.

14/ Mọ́mì mi bi mí pé, "Ṣé ẹ̀sìn tuntun lo ń ṣe ni?" Mi ò parọ́ fún wọn. Mo ní inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ló ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń jókòó, mo ń ka èémí mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣáà kàwé ẹ."

15/ Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, fóònù ní yàrá kejì. Ọkàn mi ṣì máa ń sá lọ. Mo máa ń pè é padà. Ìpè yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Mo máa tún ìdánwò yẹn ṣe, mi ò tíì mọ bó ṣe máa rí. Àmọ́ lánàá, mo ka ojú ìwé mẹ́rin láì dìde.

Ó parí. Tó o bá kà á dé ibí láì ṣí nǹkan míì, ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. 🙏🏾