Ìtàn Inú Aràn: Kíka Jínóòmù Onchocerca volvulus àti Ẹ̀rí tí Ó Jẹ́ lórí Òwò Ẹrú

Ìfáàrà

Ohun mẹ́ta ni àwọn òpìtàn sábà máa ń gbára lé: ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, àti ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni ẹ̀kẹrin ti dara pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyí, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ara ohun abẹ̀mí fúnra rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní DNA. Iṣẹ́ yìí tọpa bí wọ́n ṣe ka odindi àkọsílẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní jínóòmù, nínú aràn kan tí ó ń ba awọ àti ojú ènìyàn jẹ́. Orúkọ aràn náà ni Onchocerca volvulus. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ni pé: báwo ni àrùn tí ilé rẹ̀ wà ní Áfíríkà ṣe dé etí odò àwọn ará Ecuador àti orí òkè Guatemala, kí sì ni aràn náà rí sọ sí i?

Àrùn náà

Ní Ìbàràpá, ìnárun ni àwọn ènìyàn ń pe ohun tí aràn yìí ń ṣe sí awọ ara. Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ó ń yé ẹyin sínú omi tí ń sáré lórí àpáta, ni ó ń gbé e láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn nígbà tí ó bá ń mu ẹ̀jẹ̀. Aràn yóò dàgbà nínú kókó lábẹ́ awọ. Akọ rẹ̀ kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 lọ, ṣùgbọ́n abo lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, ó lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì máa bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ọmọ yìí ni wọ́n ń rìn káàkiri inú awọ. Ikú wọn ni ó ń fa wàhálà jù: ara yóò máa yún aláìsàn tọ̀sán tòru, awọ yóò le, yóò hun jọ bí ti alángbá, ojúgun yóò sì ṣí ní àbàwọ́n funfun. Bí wọ́n bá dé ojú, ojú a fọ́ níkẹyìn.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún àrùn náà dá lórí ìfọ́jú etí odò. Orúkọ náà kò sọ tó ìdajì òótọ́. Nínú ìṣirò àgbáyé ti ọdún 2017, àwọn tí aràn yìí wà lára wọn tó mílíọ̀nù 20.9. Mílíọ̀nù 14.6 nínú wọn ni awọ ara wọn bàjẹ́, nígbà tí àwọn tí ojú wọn di bàìbàì tàbí tí ó fọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 1.15. Ẹni tí ara ń yún títí ilẹ̀ fi mọ́, tí kò lè sùn, tí kò lè jókòó láàrin ẹgbẹ́ nítorí ìtìjú, kò sí nínú orúkọ yẹn rárá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n fi awọ ara sọ àrùn náà lórúkọ sún mọ́ òótọ́ jù.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i

Ní ọdún 1875, John O'Neill, dókítà nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé òun rí àwọn aràn wínníwínní nínú awọ àwọn aláìsàn ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí. Craw-craw ni àwọn ará etíkun ń pe àìsàn awọ náà. Ní 1893, Rudolf Leuckart, ará Jámánì, ṣàpèjúwe aràn tí ó ti dàgbà, láti inú kókó tí wọ́n yọ lára àwọn ènìyàn Gold Coast bákan náà. Ọdún 1926 ni Donald Blacklock tó fi hàn ní Sàró pé eṣinṣin dúdú náà ni ó ń gbé e kiri.

Kí Blacklock tó ṣe èyí ni ọ̀rọ̀ ti yí bírí ní òdìkejì òkun. Ní 1915, Rodolfo Robles, dókítà ọmọ ilẹ̀ Guatemala, yọ kókó kan níwájú orí ọmọdé kan, ó sì bá aràn nínú rẹ̀. Àìsàn tí àwọn alágbàṣe inú oko kọfí ti ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ, tí ó ń mú ojú wú tí ó sì ń ba awọ jẹ́, wá di ohun tí a mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i ní Mexico, Venezuela, Colombia, Bràsíìlì àti Ecuador.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbà pé aràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀, pé ó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n tilẹ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn kejì sọ pé ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e dé. Àwọn mìíràn tọ́ka sí àwọn ọmọ ogun Sudan tí àwọn Faransé kó lọ jagun ní Mexico ní àwọn ọdún 1860. Kò sí ìwé kan tí ó lè là wọ́n níjà. Àwọn olówò ẹrú ṣe àkọsílẹ̀ iye orí tí wọ́n kó, iye tí ó kú lójú omi àti iye owó tí wọ́n tà wọ́n. Ohun tí ń yún àwọn ènìyàn náà lára kò kàn wọ́n.

Ìdí tí kíka rẹ̀ fi pẹ́

Aràn yìí kò rọrùn láti kà. Ara ènìyàn nìkan ni ilé rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá, kò sì sí ẹran kéékèèké inú yàrá ìwádìí tí ó lè gbà á títí yóò fi dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ lọ bá aláìsàn, kí ó sì gé kókó lára rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣètò iṣẹ́ jínóòmù àwọn aràn irú èyí ní àárín àwọn ọdún 1990, ìbátan rẹ̀ kan, Brugia malayi, tí ó ń fa jàbùtẹ̀, ni wọ́n yàn láti kọ́kọ́ kà, nítorí pé ó ṣeé sìn lára ẹ̀dá kan tí ó dà bí èkúté. Wọ́n parí ti Brugia ní 2007. Ti aràn ìnárun ṣì wà nílẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n káwọ́ lérí. Ní 1998, wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ kékeré tí ó wà nínú màìtọ́kọ́ńdríà rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 13,747 péré. Ṣùgbọ́n oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ tí James Cotton ti Sanger Institute ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀, pẹ̀lú Sara Lustigman, Thomas Nutman àti Elodie Ghedin ní Amẹ́ríkà, gbé odindi jínóòmù náà jáde. Lẹ́tà rẹ̀ tó mílíọ̀nù 97, jíìnì inú rẹ̀ lé ní 12,000, wọ́n sì tò ó dé orí krómósómù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni aràn tí wọ́n kà náà ti wá, orílẹ̀-èdè yìí sì wà lára orúkọ tí àkójọ náà ń jẹ́ títí di òní. Àwọn tí wọ́n gbà kí wọ́n gé kókó lára wọn kò ní orúkọ nínú ìwé kankan.

Ohun kan wà nínú jínóòmù náà tí ó yẹ kí ènìyàn dúró wò. Aràn yìí kì í dá gbé. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Wolbachia ń gbé inú rẹ̀, láti ìyá dé ọmọ, àwọn méjèèjì sì ti wọnú ara wọn débi pé èkínní kò lè bí sí i láìsí èkejì. Ní ọdún 2000, Achim Hoerauf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàfihàn ní Gánà pé oògùn doxycycline, tí ó ń pa bakitéríà náà, ń sọ abo aràn di àgàn. Kíka jínóòmù àwọn méjèèjì pọ̀ fi hàn irú ohun tí aràn ń gbà lọ́wọ́ àlejò rẹ̀. Ivermectin, tí ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi ta ọrẹ láti 1987, ń pa ọmọ aràn, ṣùgbọ́n kì í pa ìyá. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fi jẹ́ pé ọdọọdún ni àwọn ará abúlé ń gbé e mì.

Ẹ̀rí aràn

Ọ̀nà tí aràn gbà jẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ka odindi jínóòmù rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé ìfọ́jú pọ̀ nínú ọ̀dàn ju inú igbó lọ, àní níbi tí aràn bá pọ̀ lára àwọn méjèèjì bákan náà. Ní 1987, ẹgbẹ́ kan tí Klaus Erttmann àti Thomas Unnasch wà nínú rẹ̀ rí ìlà DNA kan tí ó yà aràn inú igbó sọ́tọ̀. Ìlà náà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ìlà tí lẹ́tà rẹ̀ tó 150, tí ó ń tún ara rẹ̀ wí lọ́pọ̀ ìgbà nínú jínóòmù, gẹ́gẹ́ bí ègbè orin. Bí ègbè náà bá ṣe ń ti ìran dé ìran, àṣìṣe kéékèèké máa ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àṣìṣe wé àṣìṣe yóò mọ àwọn tí wọ́n jọ ti orísun kan wá.

Ní 1994, Peter Zimmerman, Unnasch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ègbè yìí wé ti aràn Amẹ́ríkà. Ti Amẹ́ríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ rárá sí ti aràn ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Aràn ọ̀dàn àti ti igbó, tí wọ́n jọ wà ní Áfíríkà, yàtọ̀ síra wọn ju bí aràn ọ̀dàn ṣe yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ tí ó wà lókè òkun lọ. Ohun tí ó bá ti wà ní Amẹ́ríkà láti ayébáyé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ti òkun kọjá, kò sì tíì pẹ́ tí ó kọjá.

Ní 2016 kan náà, ẹgbẹ́ Makedonka Mitreva ka jínóòmù aràn 27 tí wọ́n ti gbà pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láti Ecuador, Uganda, igbó àti ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ti Ecuador ti ń dá yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ìbátan wọn, bí ahọ́n àwọn tí wọ́n ti ilé kúrò pẹ́ ṣe máa ń yí padà. Wọ́n tún rí i pé aràn ọ̀dàn ń wọ inú igbó, ṣùgbọ́n ti igbó kì í jáde sí ọ̀dàn. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tí iná oko àti àáké sì ti sún ààlà wọn síwájú.

Ìṣọ́ra pọn dandan níbí. Àwọn kan lè fẹ́ sọ pé níwọ̀n bí Ọ̀yọ́-Ilé ti wà nínú ọ̀dàn, tí wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Ouidah, Porto-Novo àti Èkó, àwọn Yorùbá ni wọ́n gbé e lọ. DNA kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Mandinka. Ọ̀dàn ni ó mọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n dé Bahia àti Cuba, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kò fìdí múlẹ̀ ní ibi méjèèjì. Kì í ṣe pé kò sí aràn lára àwọn tí wọ́n kó débẹ̀. Níbi tí kò bá sí eṣinṣin tí ó yẹ, aràn yóò kú pẹ̀lú ẹni tí ó gbé e wá. Àwọn tí aràn wọn rí ibi dúró sí ni aràn jẹ́rìí fún: àwọn aláwọ̀ dúdú etí odò Santiago àti Cayapas ní Esmeraldas, ní Ecuador, àti àwọn ti López de Micay ní Colombia. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ìwé tí ó sọ inú ọkọ̀ tí ó gbé baba ńlá wọn. Awọ ara wọn ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀rí.

Àkọsílẹ̀ tí ń parẹ́

Ẹ̀rí náà ń lọ. Wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Colombia ní 2013, Ecuador ní 2014, Mexico ní 2015 àti Guatemala ní 2016. Ní Áfíríkà, Niger ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kíní ọdún 2025. Ní Nàìjíríà, wọ́n dáwọ́ pípín oògùn dúró ní ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa ní 2018, lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Ègbè 150 yẹn kan náà ni adájọ́. Kí orílẹ̀-èdè tó lè dáwọ́ oògùn dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún eṣinṣin, kí wọ́n wá ìlà náà nínú orí wọn, èyí tí ó ní aràn kò sì gbọdọ̀ tó ẹyọ kan nínú 1,000 eṣinṣin tí ó ti yé ẹyin rí. Ohun tí ó dẹ́rù bani ni bí aràn bá kọ oògùn. Ní 2017, Stephen Doyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jínóòmù àwọn aràn Gánà àti Kamẹrúùnù tí ivermectin kò ràn dáadáa mọ́. Wọn kò rí jíìnì kan ṣoṣo tí ó jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ jíìnì ni ó pa ọwọ́ pọ̀, àwọn ti Gánà kì í sì í ṣe àwọn ti Kamẹrúùnù. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò ní lè ká a mọ́.

Ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibì kan ni ó kù nígbà tí wọ́n kéde ti Niger: ilẹ̀ àwọn Yanomami, nínú igbó tí ó wà lórí ààlà Bràsíìlì àti Venezuela. Àwọn Yanomami kì í ṣe ọmọ ẹrú, ilẹ̀ wọn sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ẹrú ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n máa ń ṣí láti ibùdó kan sí òmíràn, wọn kì í ka ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì sí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń fi ọkọ̀ òfúrufú, ọkọ̀ ojú omi àti ẹsẹ̀ gbé oògùn lọ bá wọn, ní àwọn abúlé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún.