Halley, Ibùdó Ìwádìí ní Antarctica

Halley jẹ́ ibùdó ìwádìí ilẹ̀ Bìrìtéènì lórí pèpéle yìnyín Brunt ní Antarctica. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1956. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn òsóònù níbẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ òkè tó ń gba ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ní 1985, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé òsóònù òkè Halley ti dín kù gan-an ní oṣù Ọ̀wàrà, bí a bá fi wé ti àwọn ọdún 1960.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni wíwọn ohun kan náà nínú òtútù lọ́dọọdún wúlò fún, nígbà tí sátẹ́láìtì wà lókè. Ìtàn Halley ló dáhùn. Sátẹ́láìtì Nimbus 7 ti Amẹ́ríkà ti rí òǹkà òsóònù tó kéré náà, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà sàmì sí wọn bí ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe. Lóòótọ́, sátẹ́láìtì ló wá fi bí ibi tí òsóònù ti dín kù náà, tí wọ́n ń pè ní ihò òsóònù, ṣe fẹ̀ tó hàn. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ àná ló ń mọ̀ pé òní ti yàtọ̀. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal láti dín àwọn kẹ́míkà tó ń ba òsóònù jẹ́ kù.