Rochester Raging Rhinos àti Sáà Bọ́ọ̀lù Ọdún 1999

Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rochester Raging Rhinos, tó ń kópa nínú líìgì ìpele kejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, na ẹgbẹ́ mẹ́rin láti ìpele kìíní tẹ̀léra, ó sì gba ife tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá orílẹ̀-èdè náà. Líìgì tí wọ́n ń gbá nígbà náà ni A-League. Ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ni àgbáǹréré tí inú ń bí. Ìlú Rochester wà ní ìpínlẹ̀ New York, nítòsí adágún Ontario, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n jù lọ gẹ́gẹ́ bí ìlú ilé-iṣẹ́ Kodak, àwọn tó ń ṣe fíìmù àti kámẹ́rà.

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì ní Rochester. Ẹgbẹ́ ìlú náà àtijọ́, Rochester Lancers, gba ife líìgì ńlá tí wọ́n ń pè ní NASL ní ọdún 1970. Àmọ́ Lancers kógbá sílé lẹ́yìn sáà ọdún 1980, lẹ́yìn sáà ọdún 1984 sì ni NASL fúnra rẹ̀ wọlẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń tọrọ àyè láti gbàlejò Ife Àgbáyé ọdún 1994, ó ṣèlérí fún àjọ FIFA pé òun yóò dá líìgì ìpele kìíní tuntun sílẹ̀. Ìlérí yìí ló bí Major League Soccer, ìyẹn MLS, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́wàá. A-League ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ètò líìgì Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa ní ìpele kejì yóò gòkè sí ìpele kìíní, èyí tó bá sì gbẹ́yìn lókè yóò já wálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kò sí gígòkè, kò sí jíjábọ́. Olówó ló ń ra àyè sínú MLS. Nígbà náà, ẹgbẹ́ tó bá gba A-League lọ́dún kan tún máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú A-League lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìdíje kan ṣoṣo ló fún ẹgbẹ́ kékeré láǹfààní láti kojú ẹgbẹ́ ńlá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ní ife lẹ́yìn: U.S. Open Cup.

Sáà ọdún 1913 sí 1914 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, Brooklyn Field Club ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ẹgbẹ́ tó ń gbowó oṣù lè kópa nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn náà sì lè kópa. Ẹni tó bá pàdánù ń lọ sílé lọ́jọ́ náà ni. Ní ọdún 1999 gan-an ni wọ́n fi orúkọ Lamar Hunt kún un, láti bu ọlá fún oníṣòwò tó ti ná owó rẹpẹtẹ sórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà.

Ọdún 1996 ni Rhinos bẹ̀rẹ̀. Frontier Field ni wọ́n ń lò, pápá tí wọ́n kọ́ fún eré báásìbọ́ọ̀lù, àwọn ará ìlú sì ń tú jáde láti wò wọ́n. Ní àwọn sáà kan, iye òǹwòran wọn ju 10,000 lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, iye tí ẹgbẹ́ MLS kan kò ní kọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n dé àṣekágbá Open Cup, ṣùgbọ́n D.C. United fi ayò 3 sí òdo fàgbà hàn wọ́n. Ní ọdún 1998, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Pat Ercoli, wọ́n na Minnesota Thunder, wọ́n sì gba A-League.

Nínú Open Cup ọdún 1999, Chicago Fire ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé nínú àwọn ẹgbẹ́ MLS. Fire ló gba ife MLS àti Open Cup pa pọ̀ lọ́dún tó ṣáájú, síbẹ̀ Rhinos fi ayò 1 sí òdo lé wọn kúrò. Dallas Burn ló tẹ̀lé e, 2 sí 1. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n na Columbus Crew ní 3 sí 2.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni àṣekágbá wáyé ní Columbus Crew Stadium, pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún náà ní ìpínlẹ̀ Ohio. Colorado Rapids ni wọ́n kojú. Òǹwòran kò tó 5,000; ẹgbẹ́ onílé ti já kúrò. Ní abala kejì, Doug Miller gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n; nígbà tí eré ń parí lọ, Yari Allnutt fi ìkejì kún un. Ayò 2 sí òdo, ife di ti Rochester.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó borí ẹgbẹ́ MLS mẹ́rin kò rí líìgì tiwọn gbà lọ́dún kan náà. Minnesota Thunder gbẹ̀san, wọ́n sì gba A-League mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú àṣekágbá. Èyí fi hàn pé ìpele kejì nígbà náà kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ aláìlera ń fara pamọ́ sí. Àyè ni wọ́n kò fún wọn, agbára wà lọ́wọ́ wọn. Rhinos tún gba líìgì náà ní ọdún 2000 àti 2001.

Ẹgbẹ́ náà kò wọ MLS rárá. Ó kó lọ sí pápá tirẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì dáwọ́ eré dúró lẹ́yìn sáà ọdún 2017. Ìgbìyànjú láti jí i dìde ní ọdún 2022 kò pẹ́ tó fi forí ṣánpọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ mìíràn ti dé àṣekágbá Open Cup lẹ́yìn rẹ̀: Charleston Battery ní ọdún 2008 àti Sacramento Republic ní ọdún 2022. Àwọn méjèèjì ló pàdánù. Láti ìgbà tí MLS ti bẹ̀rẹ̀ títí di òpin ọdún 2024, Rochester Raging Rhinos nìkan ni ẹgbẹ́ tí kò sí nínú MLS tó gba ife náà.