Ìbà Kí Eré Tó Bẹ̀rẹ̀: Orin Ìṣíde Eré Tẹlifíṣọ̀n Nílẹ̀ Yorùbá

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Orílẹ̀-èdè Tógò ní tirẹ̀ ní 1973, Benin sì ní tirẹ̀ ní 1978. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ìjọba, ti ẹ̀rọ àti ti owó la sábà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn àgbà wa léèrè ohun tí wọ́n rántí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dárúkọ ẹ̀rọ. Orin ni wọ́n máa ń kọ, ìyẹn orin tí wọ́n fi ń ṣíde eré. Ó yẹ kí a wádìí ibi tí orin náà ti wá, kí a sì mọ ohun tí a fẹ́ pàdánù.

Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ Yorùbá láti fi orin ṣíwájú eré. Àwọn eégún alárìnjó, tí iṣẹ́ wọn ti ààfin Ọ̀yọ́ jáde, ní ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ìjúbà ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ijó, lẹ́yìn náà eré, kí wọ́n tó dágbére fún èrò. Ní 1826, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland nì, Hugh Clapperton, rí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: eégún di ejò ńlá, eégún sì di òyìnbó. Àwa ará Kétu kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ àwàdà tàbí ìbáwí kó má kọ́kọ́ júbà àwọn òrìṣà, àwọn àgbà àti àwọn ìyá wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní aráyé ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, inú ìjọ Aládùúrà ni iṣẹ́ náà ti wá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri, wọn kì í ṣí eré láìkọ́kọ́ kọrin kí èrò, kí wọ́n sì jó fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ tí wọ́n fún apá yìí, «opening glee», ṣùgbọ́n ìjúbà ló wà nínú aṣọ tuntun náà.

Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n bá nílẹ̀. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti jẹ́ olórin háíláìfù kó tó di aláwàdà. Abẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti kọ́kọ́ ta gìtá. Ọ̀yìn Adéjọbí fi Kóòtù Aṣípa mú ẹjọ́ àwọn aráalé wá sójú àwòrán. Ẹni tí ó ti fi orin kó èrò jọ lójú agbo kò lè gbàgbé orin nígbà tí agbo náà wọ inú àpótí. Lásìkò tí ẹ̀rọ kan ń sin ilé púpọ̀, orin náà ló ń ké sí ọmọdé nídìí omi àti ìyá nídìí ààrò. Ìgbì afẹ́fẹ́ kì í sì í béèrè ìwé ìrìnnà: ní ẹ̀bá ààlà, ẹni tó bá gbé eríàlì rẹ̀ ga dáadáa lè gbọ́ orin tó ti Nàìjíríà wá.

Ìdí mìíràn tún wà tí orin wọ̀nyí fi wọ̀ wá lára. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ ni èdè wa, ìlù sì lè sọ ọ́. Nígbà tí ilé rédíò ìjọba ní Ìbàdàn fi ìlù sọ orúkọ ara rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùgbọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwọn sí i: wọ́n ní ó ń béèrè ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú orin kan ti ní ìpín nínú rẹ̀.

Orúkọ tí ń kọjá lójú àwòrán bí orin ti ń lọ náà jẹ́ ìbà. Ẹ̀fẹ̀ ń dárúkọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń dárúkọ òṣèré, òǹkọ̀wé àti olùdarí. Ṣùgbọ́n ìbà yìí kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. A mọ olórí òṣèré. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kò mọ onílù, a kò sì mọ obìnrin tó gbe orin.

Ewu ibẹ̀ nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ eré náà ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, kò sì sí ẹ̀dà. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n. Bí ó ti rí ní ilé tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ láyé ìgbà náà, wọn a máa pa ti àná rẹ́ kí wọ́n lè gba ti òní sórí rẹ̀. Orí àwọn tó gbọ́ ọ nìkan ni ọ̀pọ̀ orin náà wà báyìí. Lónìí ẹ̀wẹ̀, Netflix ti fún òǹwòran ní bọ́tìnnì láti 2017, tí yóò fi fo orin ìṣíde kọjá. Ẹni tó ń dá wòran nínú yàrá kò nílò orin tí yóò pe aládùúgbò.

A kò lè dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, kò sì sí ìdí fún un. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, jókòó ti àgbà kan nílé rẹ̀, kí ó gba orin tó rántí sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì kọ orúkọ olórin àti onílù tí àgbà náà bá mọ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Àwọn tó fi orin júbà fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ẹni tí àwa náà ń júbà fún.