Ọ̀rọ̀ “Lè” Nínú Òfin Gúúsù Áfíríkà

Òfin tí àwọn aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1909 ni ó so Cape, Natal, Transvaal àti Orange River Colony pọ̀, òun náà ni ó sì sọ àwọn ilé ẹjọ́ gíga wọn di ọ̀kan ní 1910. Lord de Villiers ni Adájọ́ Àgbà àkọ́kọ́. Bloemfontein ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fìdí kalẹ̀ sí. A tún ètò yìí tò ní 1959, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní agbára láti wọ́gi lé òfin kìkì nítorí pé ó burú.

Òfin 1950 tí ó fi àwọ̀ ara pín àdúgbò sì burú púpọ̀. Mayfair ní Johannesburg bọ́ sí ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà tí a dá obìnrin kan tí ń jẹ́ Govender, tí ìran rẹ̀ ti Íńdíà wá, lẹ́bi pé ó ń gbé ibẹ̀, adájọ́ májísíréètì pàṣẹ kí ó kó jáde. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 1982, Adájọ́ Richard Goldstone tún òfin náà kà dáradára: ó wí pé adájọ́ lè lé ẹlẹ́bi jáde, kò wí pé ó gbọ́dọ̀ lé e. Nítorí náà, a ní láti kọ́kọ́ wádìí bóyá ó rí ibòmíràn gbé. Ọ̀rọ̀ kékeré, àbí?

Ní 1991 ni a pa òfin náà rẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ 1996 sì kọ̀ kí a lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti gbé gbogbo ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ní 2013, òfin mìíràn so àwọn ilé ẹjọ́ gíga ìgbèríko padà di ọ̀kan ṣoṣo.