Ìpèsè Ọlọ́run ní Kúdẹtì ní Àkókò Ogun Ìjàyè

Ní Ìsọlọ̀, ní ẹ̀bá Òṣòdì, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Ire-Àkárí. Àdúrà ni orúkọ náà: pé kí ire kárí, kí ó má ṣe yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Òṣòdì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Láti ọdún 1901 tí ojú irin náà ti dé Ìbàdàn ni ìrìn-àjò ọjọ́ púpọ̀ ti di ìrìn wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú èyí, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sé pátápátá, agbo ilé Kristẹni kan sì wà ní ìkángun rẹ̀ tí ire ayé kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Bí Ọlọ́run ti bọ́ wọn ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹni tí àìní bá bá.

David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá, kọ́kọ́ rí Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ Ìbàdàn sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn bí ọmọ bíbí inú. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henry Johnson, bàbá Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá.

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n a fi Àrẹ̀mọ Adélù jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un. Ìbàdàn sì gbèjà ọba. Ní 1860 ogun bẹ́. Ẹ̀gbá dúró ti Ìjàyè, Ìjẹ̀bú pẹ̀lú kò ṣe ti Ìbàdàn, gbogbo ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun sì di títì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ ni ó tán ní Ìbàdàn. Iṣu wà lóko, àgbàdo wà lọ́jà. Owó ni kò sí. Owó ẹyọ ni à ń ná ní ayé ìgbà náà, ọkẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù tí ó tó aláàárù kan. Ohun ìní ẹgbẹ́ wà ní Èkó, ṣùgbọ́n orí ènìyàn nìkan ni ó lè gbé e wá, kò sì sí aláàárù tí yóò la àárín ogun kọjá. Báyìí ni ilé kan ṣe ń pòùngbẹ ní bèbè odò. Àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbàdúrà, ṣùgbọ́n wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n dín oúnjẹ ara wọn kù; iṣu àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń gbéra ró. Wọ́n kó ohun èlò ilé jáde, wọ́n tà wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, títí dé àpótí àti agolo, kí wọ́n lè rí ẹyọ fi ra oúnjẹ òòjọ́. Wọn kò sì lé àwọn ọmọ lọ. Àwọn aládùúgbò pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tí ì gba ìgbàgbọ́, ṣàánú wọn. Àwọn tí ó ti òkèèrè wá láti fi fúnni ni ó wá di ẹni tí ń na ọwọ́ gbà.

Ìjàyè ṣubú ní oṣù March 1862. Edward Roper, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó wà níbẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn; lẹ́yìn náà ó di ará ilé Kúdẹtì, ẹnu kan sì tún kún iye ẹnu tí a ní í bọ́. Ìṣubú Ìjàyè kò sì ṣí ọ̀nà, nítorí ogun ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní 1865 ni Glover, aláṣẹ Èkó, lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú. Láìpẹ́ ó rán Captain Maxwell gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn. Òru ni ó dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a gbé Anna, ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, sọ̀nà Èkó. Ọkọ rẹ̀ dúró ti ìjọ ná.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, bí Ọlọ́run bá ń pèsè, èéṣe tí kò fi ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ kìn-ín-ní? Ẹ jẹ́ kí a rántí Èlíjà. Ọlọ́run tí ó rán ẹyẹ ìwò sí i lè máa rán an títí, ṣùgbọ́n nígbà tí odò gbẹ, ó darí rẹ̀ sí opó Sáréfátì, ẹni tí oúnjẹ tirẹ̀ gan-an kù díẹ̀ kí ó tán. Ìyẹ̀fun inú ìkòkò rẹ̀ kò sì kún àkúnya, kìkì pé kò tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Kúdẹtì. Oúnjẹ òní ni Ọlọ́run fún wọn, kì í ṣe ti ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ènìyàn ni ó sì fi rán an.

A kò gbọdọ̀ fi irọ́ ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyà náà mú wọn lára. Anna padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀ ní 1869, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní June 1870, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò gba ìwé pé òun kò ní í jìyà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá, ni a fi ìjọ Kúdẹtì sí lọ́wọ́, ní ìlú tí ó ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jagun, ó sì ṣe olùṣọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí ọ̀nà bá sé, ẹ má ṣe máa wo ojú ọ̀run nìkan. Ẹ wo ojú aládùúgbò yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ó ní, ẹ rántí pé ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni ìdáhùn tí ẹlòmíràn ń dúró dè. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ire fi ń kárí.